SÙÚRÙ KÌ Í ṢE DÍDÁKẸ́

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó jẹ́ ká tún rí ààwẹ̀ yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ìlera ọkàn la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Àwọn tó ń wá bá wa fún àdúà pọ̀ tó jẹ́ pé ìbànújẹ́ tí wọ́n gbé pamọ́ sínú ló ń jà wọ́n. Wọ́n ti sọ fún wọn nílé pé, "Ṣe sùúrù, má sọ̀rọ̀ mọ́." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni sùúrù rí?

Ẹ ṣí Súúrátù Yúsúfù. Ní àáyà 18, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wá, Ànábì Yàkúbù ní sùúrù tó rẹwà lòun máa ṣe. Ní àáyà 84, ìbànújẹ́ sọ ojú Yàkúbù yìí kan náà di funfun. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: onísùúrù lè sunkún. Ànábì wa náà sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ó sì ní àánú ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní àáyà 86. Nígbà tí àwọn ọmọ Yàkúbù bá a wí, ó ní Ọlọ́hun lòun ń ro ẹjọ́ òun fún. Kò gbé e sínú. Bí ẹ bá jí sààrì, ẹ rojọ́ fún Un, ní èdè tí ẹ gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta, àáyà 87: ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, kí wọ́n wá Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àdúà ò ní ká má wá ọ̀nà. Abu Zayd al-Balkhi, àlùfáà onímọ̀ tó kú ní 934, kọ̀wé pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn. Nítorí náà, bí oorun bá dá lójú èèyàn yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò wù ú, tó ní ayé sú òun, ẹ má kàn sọ pé àlùjànnú ni. Ẹ má tì í mọ́ yàrá. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn Àrò, ní Abẹ́òkúta, máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ẹbí wà lára ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró nítorí ààwẹ̀. Ẹ bi dókítà. Súúrátù Bákárà, àáyà 184 àti 185, ti fún aláìsàn láyè. Ìrọ̀rùn Ọlọ́hun ni, ẹ gbà á.

Wọ́n rí Yúsúfù, ojú Yàkúbù sì là. Ọlọ́hun tó la ojú yẹn, kó tu gbogbo ọkàn tó wúwo lára. Àmín.