Lọ́wọ́ Ta Ni Ohun Tí A Rà Wà? Yíyan Ojú Ọjà Ìdókòwò Láàárín Èjìgbò àti Àbíjàn

 

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi mí jù lọ ni pé, "Nínú gbogbo áàpù ìdókòwò wọ̀nyí, èwo ló dára jù?" Wọ́n á dárúkọ PiggyVest, Cowrywise, Bamboo, Risevest. Ẹni tó ń gbé ní Treichville tàbí Adjamé ní Àbíjàn á fi tọ̀hún kún un. Mi ò kì í tètè dá wọn lóhùn, nítorí ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú. Níbo ni ohun tí ẹ rà wà gan-an? Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀? Òfin orílẹ̀-èdè wo ló ń ṣọ́ ọ? Owó wo lẹ ó sì fi ná an nígbẹ̀yìn? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lè wá máa fi èrè wé èrè.

Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ará Èjìgbò ní káràkátà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn baba wa ti ń la Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá lọ sí Côte d'Ivoire. Títí dòní, bọ́ọ̀sì Àbíjàn ń gbéra láti ìlú yìí, èdè Faransé ń dún lọ́jà wa, sẹ́fà sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà. Ìdílé tó ní ẹsẹ̀ kan níbí, tó ní ọ̀kan lọ́hùn-ún, ojú ọjà ìpín-ìdókòwò méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un, méjèèjì ló sì bófin mu. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí pé a kò tíì lò ó.

Wọ́n dá ọjà ti Èkó sílẹ̀ ní 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ títà àti rírà ní 1961. Láti 2021 ni a ti ń pè é ní NGX. Ti Àbíjàn ni BRVM, tó wà ní Plateau, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 1998. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà ló jọ ni ín, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Niger, Benin àti Togo náà sì wà níbẹ̀. Bùrókà ló ń bá wa rà níbí. Lọ́hùn-ún, SGI ni wọ́n ń pè é. Ní Nàìjíríà, CSCS ni ìwé àkọsílẹ̀ ìpín wà lọ́wọ́ rẹ̀, lórúkọ ẹni tó rà á. Ní Àbíjàn, ilé ìtọ́jú àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní DC/BR ló wà lẹ́yìn àwọn SGI. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bí bùrókà yín bá kógbá sílé lọ́la, ìpín yín ṣì wà ní CSCS. Ẹ ó kàn gbé e lọ sábẹ́ bùrókà mìíràn ni.

Ọ̀pọ̀ yín ló rántí wàhálà ìdìbò Côte d'Ivoire ní 2010 sí 2011, nígbà tí àwọn èèyàn wa ń kó ọmọ kó ẹrù wálé. Ní oṣù kejì 2011, BRVM fúnra rẹ̀ kó kúrò ní Àbíjàn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti Bamako ní Mali. Ẹrù inú ìsọ̀ kò ṣeé dì lọ sí Bamako bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ pé kí oníṣòwò pa ìsọ̀ rẹ̀ tì o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdókòwò tó ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí òfin yàn ń fara da ohun tí ilé ìtajà kò lè fara dà.

Áàpù wá ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà lásán ni áàpù. Òmíràn ṣí sí CSCS, òmíràn sí owó àjùmọ̀dá tí ilé iṣẹ́ kan ń bójú tó tí òmíràn sì ń tọ́jú, òmíràn sì ṣí sí Amẹ́ríkà. Ẹ wo èyí tó ṣí sí Amẹ́ríkà. Ìpín Apple tàbí Tesla tí ọmọ wa rà lórí fóònù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bùrókà kan lọ́hùn-ún. Bí bùrókà yẹn bá wó tí nǹkan sì di àwátì, àjọ SIPC lè dá padà tó 500,000 dọ́là, tí owó lásán nínú rẹ̀ kò ní ju 250,000 lọ. Bí ìpín bá já wálẹ̀ lójà, ti oníǹkan nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin 2021, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò nílẹ̀ wa, kìlọ̀ pé títa ìpín ilẹ̀ òkèèrè fún ará ìlú láìgbàṣẹ lọ́dọ̀ òun lòdì sófin. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, báǹkì àpapọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ láti ti àkáùǹtì báǹkì Bamboo, Risevest, Trove àti Chaka pa fún 180 ọjọ́. Ọkàn àwọn èèyàn fò lọ. Ṣùgbọ́n àkáùǹtì ilé iṣẹ́ níbí ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ kàn. Ìpín tó wà ní Amẹ́ríkà kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí yàrá ìṣúra lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ wá fi wé sogúndogójì. MMM ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù kejìlá 2016, a ní a ti kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni CBEX dé, tó ń ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí àwọn tó fowó sí i ò rí owó gbà mọ́ ní oṣù kẹrin 2025, àwọn èrò ya wọ ọ́fíìsì CBEX n'Íbàdàn, wọ́n ń gbé àga àti fìríìjì lọ. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ìwé wà lọ́wọ́ CBEX. Ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí SCUML tó wà fún ìdènà owó àìtọ́, àwọn alágbàwí sì ń fi í han ará ìlú bí àṣẹ. Ìwé yẹn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. Ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC náà kò fúnni láṣẹ bẹ́ẹ̀. SEC nìkan ló ń fúnni, orúkọ àwọn tó gbàṣẹ sì wà lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ni kí ẹ wá níbẹ̀, torí orúkọ áàpù lè má bá a mu rárá. Bí ẹ bá bi CBEX ní ìbéèrè mi, níbo ni ohun tí wọ́n rà wà? Kò síbì kankan. Nọ́ńbà tó ń pọ̀ lójú fóònù ni. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2025 ti fi owó ìtanràn tí kò kéré sí 20 mílíọ̀nù náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lé irú ìwà yìí. Ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn kò dá owó yín padà o.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irú owó tí a ń lò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti ń pàdánù láìfura. Yúrò 1 ni sẹ́fà 655.957, bó sì ṣe rí láti 1999 nìyẹn. Náírà kò so mọ́ ohun kankan. Ká ní ẹnìkan ti Àbíjàn dé ní oṣù kìíní 2023, ó ṣẹ́ sẹ́fà sí náírà, ó fi í síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní èlé 15 lórí 100 lọ́dún. Ọdún yípo, 100 di 115, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ dọ́là tó wà ní nǹkan bí 750 náírà lójú pópó nígbà tó ṣẹ́ owó náà ti kọjá 1,500 ní oṣù kejì 2024, sẹ́fà sì bá a gòkè nítorí yúrò tó so mọ́. Bó bá fẹ́ kó owó náà padà lọ ra ọjà ní Adjamé, 115 rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 57 lọ nínú 100 tó mú wá. Áàpù tó lò kò jà á lólè. Èlé tí wọ́n ṣèlérí ni wọ́n san. Náírà tó yàn ni kò bá ibi tó ń lọ mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé sẹ́fà kì í yẹ̀. Àwọn àgbà tó wà ní Àbíjàn ní oṣù kìíní 1994 mọ̀ ọ́n: faransì ilẹ̀ Faransé 1 tó jẹ́ sẹ́fà 50 di sẹ́fà 100 lójijì. Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú ni pé owó tí ẹ ó fi ra ọjà ní Àbíjàn, kó wà ní sẹ́fà. Owó iléèwé àti owó bíríkì tó ti sún mọ́lé, kó wà ní náírà. Fún náírà tí kò gbọdọ̀ sọnù, ìjọba àpapọ̀ ti ń ta FGN Savings Bond láti 2017, láti 5,000 náírà sókè, fún ọdún 2 tàbí 3, èlé sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Owó tó wà ní báǹkì ńkọ́? NDIC, àjọ adójútòfò owó báǹkì, dúró fún un tó mílíọ̀nù 5 náírà láti 2024, àti mílíọ̀nù 2 ní báǹkì kéékèèké (microfinance). Kò dúró fún ìpín-ìdókòwò rárá.

Ní ti ìwádìí ọjà, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí Telegram kí ẹ tó ka ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. BRVM ń gbé ìwé iye owó jáde lójoojúmọ́ tọ́jà bá ṣí, lédè Faransé. NGX náà ń gbé tirẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Èkó tó lè ka méjèèjì kò pọ̀. Níbí, ìyá àti ọmọ lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n kà á. Ẹ fi Ecobank bẹ̀rẹ̀. Lomé ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìpín rẹ̀ sì ti wà lọ́jà Èkó, Accra àti Àbíjàn láti 2006. Ẹ wo iye tí wọ́n ń tà á ní náírà, ẹ wo iye rẹ̀ ní sẹ́fà, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sí iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń pè lọ́jà wa. Ohun kan náà ni, síbẹ̀ ìṣirò náà kì í sábà bára mu. Ẹ tún wo iye ìpín tí wọ́n rà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà, torí ìpín tí kò sẹ́ni tó ń rà á, owó yín ti há síbẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé iṣẹ́. Ní oṣù kejìlá 2021, wọ́n ta ìpín MTN Nàìjíríà fún ará ìlú ní 169 náírà ẹyọ kan, ẹni tó ní 3,380 náírà lè ra 20 lórí fóònù rẹ̀. Orúkọ náà ń dán, gbogbo wa ló ń pè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè àti owó òpó rẹ̀ so mọ́ dọ́là, nígbà tí náírà sì ṣubú, ó pàdánù 137 bílíọ̀nù náírà ní 2023 àti nǹkan bí 400 bílíọ̀nù ní 2024. Ìsọfúnni nípa gbèsè náà wà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ẹni tó kà á lè rà á síbẹ̀, àmọ́ á mọ ohun tó ń rà.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Èrè ìpín tí àwọn oníǹkan kò gbà ní Nàìjíríà ti ju 200 bílíọ̀nù náírà lọ. Ara ohun tó fà á ni orúkọ tí kò bára mu, àdírẹ́sì àtijọ́, àti baba tó kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ewu yìí pọ̀ fún wa ju fún ẹlòmíràn lọ, torí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ọmọ wa sórí káàdì rẹ̀ ní Àbíjàn lè yàtọ̀ sí bó ṣe wà lórí BVN rẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé e-dividend kí èrè lè máa wọ àkáùǹtì tààrà. Ẹ kọ nọ́ńbà CSCS àti orúkọ SGI yín síbi tí ọmọ yín ti lè rí i. Kíkọ orúkọ mọ̀lẹ́bí sínú áàpù kò sọ mọ̀lẹ́bí náà di ajogún. Bí oníǹkan bá ti lọ, ilé ẹjọ́ gíga ni ẹbí ti ń gba ìwé àṣẹ láti pín in, ó sì rọrùn gidigidi bí ìwé ìhágún bá ti wà nílẹ̀. Agbẹjọ́rò wà ní Èjìgbò tó lè kọ ọ́.