Gúnnugún Kì í Kú Léwe: Àwa Ará Ìlú àti Ẹranko Tó Ń Bá Wa Gbé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Ìlaròó)

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹranko ìgbẹ́ tó ń gbé láàárín ìlú, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹkùn ni mo fẹ́ sọ ni, àbí erin? Rárá o. Gúnnugún ni mo bá wá, èyí tí a tún ń pè ní igún.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìgbà tí a wà lọ́mọ ilé-ìwé. Ta ni kò mọ igún nígbà náà? Ẹ dé odò ẹran láàárọ̀, wọ́n ti tò sórí páànù, wọ́n ń retí alápatà. Ẹ dé ààtàn, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fá orí kodoro wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ mọ orúkọ tí a máa ń sọ ọ́. Bí ọ̀kan bá sì bà lórùlé, ìyá ẹni á ní ká lé e kíá, nítorí gúnnugún bà lórùlé, ojú tólé, ojú tóko. A ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ká sọ ọ́ lókùúta pa? Ó tì o. Àwọn àgbà ti ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Òfin nìyẹn, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ.

Lónìí ńkọ́? Kí kálukú bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tó rí igún kẹ́yìn. Ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀dá inú ìgbẹ́, kọ igún kékeré tó ń gbé láàárín ìlú wa yìí mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Kí ló fà á?

Èkíní, májèlé. Wọ́n á fi májèlé sínú ẹran nítorí ajá tàbí ẹranko mìíràn, igún á sì jẹ nínú rẹ̀.

Èkejì, ọjà. Orí igún wà lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà, àwọn kan ń wá a fún àwúre. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, wọ́n sì bá púpọ̀ nínú òkú wọn láìlórí. Àwa tí a ní a kì í pa á náà là ń rà á.

Ẹ̀kẹta, igi ńlá tó ń yé ẹyin sí ni a ń gé. Ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lọ́dún. Èyí tó bá lọ, ó di ọjọ́ pípẹ́ ká tó rí arọ́pò rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, ẹyẹ òkùtẹ̀ lásán, kí ló kàn mí? Ẹ wo Íńdíà. Oògùn kan tó ń jẹ́ diclofenac, èyí tí púpọ̀ nínú wa níbí ń lò fún orúnkún dídùn, ni wọ́n ń fún màlúù wọn. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́, á kú. Kó tó di 2007, nínú 100 igún ti irú tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò ku odindi ẹyọ kan. Òkú ẹran wá ń rà sílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì ń bá wọn rìn. Wọ́n fòfin de oògùn náà fún màlúù ní 2006. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024: nǹkan bí 500,000 èèyàn ló bá a lọ láàárín 2000 sí 2005. Ikùn igún ń pa kòkòrò àrùn anthrax, àrùn tó dé oko kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger tiwa níbí, ní oṣù keje 2023. Ta ló ń gbálẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ ò gbàgbé ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré. Ilẹ̀ àti Ọ̀run jọ ṣọdẹ, emó kan ṣoṣo ni wọ́n pa, wọ́n sì jà sí i. Ọ̀run bínú lọ, òjò kọ̀. Igún ló gbà láti gbé emó náà lọ bẹ̀ ẹ́. Kó tó padà, òjò ti ń ya lulẹ̀. Ilé tó bá sá yà, wọ́n á ṣá a lórí, títí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi re dànù. Oore tó ṣe ló sọ ọ́ di apárí.

Àwọn kan á ní ìlú ti lajú, kò sáyè fẹ́ranko mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gba Ìdìròkò, ẹ kọjá Àjàṣẹ́ àti Kùtọ̀nú, ẹ ó dé Ouidah. Ilé ere wà láàárín ìlú níbẹ̀, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Bí ere kan bá jáde wọ ilé ẹnikẹ́ni, wọn kì í pa á. Wọ́n á rọra gbé e padà ni. Kò ní oró, eku ló ń jẹ. Mi ò ní ká bọ ere o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tó bá fẹ́ lè bá ẹranko gbé.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Bí májèlé bá pa eku tàbí ajá nílé yín, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn. Ẹ má ra orí igún, ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé yín rà á. Bí ẹgbẹ́ wa bá sì máa kọ́lé sínú ọgbà ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún àwọn igi ńláńlá tó kù. Kò pọn dandan ká fẹ́ràn igún. Àwọn bàbá wa náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ kó wà ni.

Bí a bá ti ń parí ìpàdé, a ó tún gbàdúrà wa pé gúnnugún kì í kú léwe, a ò ní kú léwe. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́ fún gúnnugún náà.