Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Baba Ńlá Tó Wọ Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àyájọ́ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

  

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ bí ènìyàn ṣe lè wá ìdí baba ńlá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi láyé ọjọ́un. Iṣẹ́ náà bá àkókò mu. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ìtàn pé, "Baba baba wa wọ ọkọ̀ ogun Òyìnbó." Àmọ́ àwọn tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu onítàn ti ń tán lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà ti di ẹni tó ń wo ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan tí gbogbo Èkó mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Captain James Pinson Labulo Davies. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Sàró, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó wọ iṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú ní etíkun wa. Ó wà nínú ọkọ̀ Volcano, lẹ́yìn náà ó wà nínú Bloodhound nígbà tí wọ́n yin Èkó níbọn ní ìparí ọdún 1851, nínú ogun tó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tó sì dá Akíntóyè padà. Ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, ó sì wá tẹ̀dó sí Èkó ní 1856. Owó rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n fi dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859.

Ká ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ọ́, tí o sì fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé. Ibo ni wàá ti bẹ̀rẹ̀?

Àkọ́kọ́, yẹ oyè tí ilé ń pè é wò. "Captain" tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Davies, inú ọkọ̀ oníṣòwò ló ti wá, kì í ṣe inú ọkọ̀ ogun. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá baba wọn sí ibi tí kò sí nítorí èyí. Ọkọ̀ ogun ní ìwé tirẹ̀, ọkọ̀ oníṣòwò ní tirẹ̀. Bí baba yín bá jẹ́ ẹni tó bá ọkọ̀ Elder Dempster lọ sí Liverpool, má ṣe wá a láàárín ológun. Ìwé àwọn atukọ̀ oníṣòwò ni kí o ṣí. Káàdì tí wọ́n ṣe fún wọn láti 1918 sí 1921 tilẹ̀ ní fọ́tò lára. Ẹlòmíràn lè ti ibẹ̀ rí ojú baba ńlá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èkejì, wádìí orúkọ ọkọ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ìwé àwọn ológun ojú omi wà, lábẹ́ àmì ADM. Kó tó di 1853, wọn kì í ṣí fáìlì fún atukọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ló ní ìwé, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ sí i. Nítorí náà, ẹni tó ń wá Davies kò lè béèrè "Davies" lásán. Volcano àti Bloodhound ni yóò béèrè, nínú ADM 38, kí ó tó máa ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìrìn-àjò ọkọ̀ wà ní ADM 53, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ibi tí ọkọ̀ dúró sí lójoojúmọ́. Láti 1853 ni wọ́n ti ń fún atukọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀: ADM 139 títí dé 1872, ADM 188 láti 1873. Àwọn wọ̀nyí máa ń sọ ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí i, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ọ̀gá wà ní ADM 196. Bí ilé bá sì ń sọ pé baba jẹ́ ọ̀gá, Navy List tí ìjọba ń tẹ̀ jáde ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí orúkọ àwọn tí ọba fún ní ìwé oyè ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé iṣẹ́ sọ ohun tí ènìyàn ṣe, àmọ́ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ ti ta ló jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, Davies gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Láti 1837 ni ìwé ìgbéyàwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àyè fún ọjọ́, ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọkọ, ibi tí wọ́n ń gbé, orúkọ baba ọkọ àti ti baba ìyàwó. Ojú ewé kan ṣoṣo gbé ìran méjì.

Ẹ wo orúkọ ìyàwó náà dáadáa. Sarah, wọ́n fún un ni. Forbes, orúkọ ọ̀gá ológun ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ Ọba Gẹ̀sò ti Dàhòmì ní 1850 ni. Bonetta, orúkọ ọkọ̀ ọ̀gá náà ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìgbéyàwó, "Ina" ló ṣáájú. Akọ̀wé Brighton kò lè mọ ohun tó kọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá rí i mọ̀ pé Àìná ni, ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà tí a bí i. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn sọ bí wọ́n ṣe bí i àti èdè ìyá rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ogun, gbogbo òkun àti gbogbo orúkọ tí wọ́n kó lé e lórí.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí. Òyìnbó tọ́jú ìwé, àmọ́ àwa la ní etí tí yóò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti 1808 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Sàró, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn. Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ẹ ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sókè, kí ẹ sì pè é lóríṣiríṣi, ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ìdílé tàn yín. Ọ̀gá àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni orúkọ Samuel Crowther kí wọ́n tó fi ṣe ìtẹ̀bọmi fún Àjàyí ní 1825. Ẹni tó bá ń tọ "Crowther" lọ sẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé onílé ni yóò wọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ àwọn tó sọ wọ̀nyí lórúkọ kò wo ilé wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìwé tó wà ní Kew kò léwu, ó wà lábẹ́ òrùlé tó dáa. Èyí tó wà nínú ewu ni ti ọ̀dọ̀ wa. Ìwé ìtẹ̀bọmi àti ìwé ìsìnkú wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ikán ń jẹ wọ́n, òjò ń rọ̀ sí wọn. Bí wọ́n bá lọ, ìwé Kew yóò ku orúkọ lásán, kò ní sí ẹni tó lè so ó mọ́ ilé kankan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ohun mẹ́ta ni kí a fi ṣe ìrántí ọdún mẹ́wàá yìí. Kí olúkúlùkù jókòó ti àgbà tó kù nílé rẹ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù: orúkọ, oríkì, orúkọ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin òkú sí. Kí ẹgbẹ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àlùfáà wa láti ya fọ́tò gbogbo ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, kí a fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀dà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí àwa fúnra wa sì kọ orúkọ wa pé pérépéré sínú ìwé ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ baba, orúkọ ìyá, àti àmì ohùn lórí wọn, kí ọmọ tó bá ń wá wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i má baà máa méfò.

Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ. Odò tiwa kò ní gbẹ.