Òkè Òtu Tí Mo Rò Pé Mo Mọ̀

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà tí a fi òróró pò ya àwòrán.

Òkè Òtu ni mo kọ́kọ́ yà. Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín: "Ohun tó o mọ̀ lo yà, kì í ṣe ohun tó o rí."

Mo wálé lásìkò ọyẹ́, mo jókòó, mo wò ó. Òótọ́ ni! Eruku àti afẹ́fẹ́ àárín ọ̀nà máa ń mú kí òkè tó jìnnà ṣá bí aṣọ aró tó ti gbó. Irú ẹ̀kọ́ ojú-wíwò báyìí ni Aina Onabolu (1882–1963) fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní "Mr. Perspective."

Ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ. Bó o bá ṣì í yà, wàá há a kúrò. Ṣùgbọ́n ilé bàbá mi, tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ òkè náà, òjò ti wó o. N kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

Ẹni tó bá ní fọ́tò ìlú wa àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.