Ìwé Wo Ni Kó Ṣíwájú? Ètò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ọmọ Girama Àgbà

Bí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ṣètò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àwọn ìwé tí WAEC yàn ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì, wọn a pín in sí táàmù, ó parí. Ìyẹn ò tíì di ètò ẹ̀kọ́. WAEC sọ ìwé tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti kà kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Èwo ni kó ṣíwájú, kí ni etí ọmọ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó kan èyí tó le? Ọwọ́ olùkọ́ nìyẹn wà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Àkókò ò pọ̀. Táàmù mẹ́sàn-án ló wà láti SS1 dé SS3, ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá ló ni èyí tó kẹ́yìn, àtúnyẹ̀wò àti mọ́ọ̀kì a sì gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀ mì. Méje ló kù fún ìtàn àròsọ méjì, eré oníṣe méjì, Shakespeare kan, àti ewì lóríṣiríṣi.

Wuthering Heights, tí Emily Brontë gbé jáde ní 1847, wà lára ìwé tí WAEC yàn fún 2021 sí 2025. Olùkọ́ tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ SS1 ti lé ọmọ sá. Lockwood ló ń ròyìn fún wa, ṣùgbọ́n ẹnu Nelly Dean ló ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Catherine méjì ló wà, ìyá àti ọmọ. Linton jẹ́ orúkọ ìdílé, ó tún jẹ́ orúkọ ọmọ Heathcliff. Joseph ìránṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹ̀ka èdè Yorkshire ló ń sọ, èyí tó máa ń rú ọmọ lójú bí ojúlówó Ìkálẹ̀ ṣe ń rú ọmọ Ìbàdàn lójú. Ìwé ńlá ni. Kó dúró di SS2.

The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n ti ṣe lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1959, ló yẹ kó ṣí ilẹ̀kùn. Lakunle tíṣà kò fẹ́ san owó orí ìyàwó, Sidi mọ̀ pé òun rẹwà, Baroka sì jẹ́ baálẹ̀ tó gbọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta ti rí irú wọn rí. Kí wọ́n dìde nínú kíláàsì kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí Baroka bá parọ́ fún Sadiku pé agbára ọkùnrin òun ti tán, tí Sidi sì lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ á rí i fúnra rẹ̀ pé ohun tí ènìyàn ń sọ nínú eré lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń wá.

Láti ibẹ̀, Second Class Citizen ti Buchi Emecheta (1974) á gbé ọmọ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fences ti August Wilson, ìtàn Troy Maxson tó ń kó pàǹtí ní Pittsburgh. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé baseball, tàbí kó fi fídíò rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbínú Troy lórí eré náà ò ní yé ẹnikẹ́ni.

Ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ kí wọ́n sún Shakespeare di SS3. Nínú ìbéèrè objective 50 tí WAEC ń ṣe, 20 ló ń ti inú ìwé Shakespeare wá: wọ́n á mú ìlà díẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mẹ́wàá mìíràn wà lórí àyọkà àti ewì tí ọmọ ò rí rí. Ìwé pẹlẹbẹ tó ń ṣàkópọ̀ ìtàn, tí wọ́n ń tà káàkiri, kò lè gba ọmọ là nínú 30 yẹn. Kíkà sókè láti SS2 ló lè gbà á. Ẹni tó bá sì ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà (1938) kò ní sá fún igbó inú A Midsummer Night's Dream, níbi tí iwin ti fi orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé Bottom lórí.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìwé máa ń yí padà. Antony and Cleopatra ló gba ipò A Midsummer Night's Dream fún 2026 sí 2030, nítorí náà ọmọ tó wọ SS1 ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 kò bá A Midsummer pàdé nínú ìdánwò rẹ̀. Ọdún tí ọmọ yóò ṣe ìdánwò ni kí olùkọ́ máa wò tó bá ń ṣètò. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má tà wọ́n. SS1 lè fi wọ́n ṣeré ní táàmù kẹta, láìsí máàkì kankan.