KÍ A TÓ GBÉ ỌṢẸ ÀTI ÌPARA LỌ SÍ ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan gbogbo ẹni tí ń se ọṣẹ, tí ń po òrí mọ́ òróró àgbọn láti fi ṣe ìpara, tàbí tí ń kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ wọlé láti òkèèrè.

Ní ọdún 1993, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin kan. Òfin náà wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohun ìṣaralóge fún títà, kò gbọdọ̀ kó o wọlé, kò gbọdọ̀ polówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tà á, àfi bí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ tí a gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ni NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 kan náà.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé: “Ìyá mi àti ìyá rẹ̀ se ọṣẹ dúdú títí wọ́n fi darúgbó, wọn kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni ó dé tí èmi yóò fi gbà á?” Ìbéèrè pàtàkì ni. Ní ayé àwọn ìyá wa, ẹni tí ń rà mọ ẹni tí ń tà. Ó mọ̀ pé eérú èèpo kòkó àti àdí ni ó wà nínú ọṣẹ náà, bí ara rẹ̀ bá sì sú, ó mọ ilé tí yóò lọ. Lónìí, ìpara tí a pò ní Ìbàdàn lè di èyí tí a ń fi pa ọmọ lára ní Kánò. Ẹni tí ó rà á kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Nọ́ńbà NAFDAC ni ó rọ́pò ojúlùmọ̀ àtijọ́ yẹn.

Ewu tí a ń sá fún kì í ṣe kékeré. Àwọn kan a máa fi èròjà olóró tí a ń pè ní mẹ́kúrì sínú ìpara àti ọṣẹ tí ń bó ara. Mẹ́kúrì a máa gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Bí aláboyún bá ń lò ó, ó lè dé ara ọmọ inú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti ṣe àdéhùn ní ọdún 2013 láti gbógun ti mẹ́kúrì. Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i pátápátá ní ọdún 2018.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Èkíní, ẹ forúkọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kí ẹ sì gba ẹ̀tọ́ sí orúkọ tí ẹ sọ ọjà náà. Èkejì, ẹ ya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ilé ìdáná tí a ti ń se ọbẹ̀ kò bójú mu. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ po ọjà kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ẹ fi sí i sínú ìwé. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ìwé ìbéèrè sí NAFDAC, kí ẹ to gbogbo èròjà inú ọjà náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ ìwé tí ẹ óò lẹ̀ mọ́ ara ike rẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà yóò wá wo ibi iṣẹ́ yín, wọn yóò sì yẹ díẹ̀ nínú ọjà náà wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ẹ óò gba nọ́ńbà tí yóò wúlò fún ọdún 5.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ara ike kí àjọ náà tó fọwọ́ sí àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un kọ, owó náà ṣègbé, gbèsè kò sì ṣègbé. Ara ìwé yìí ni a gbọdọ̀ ti rí orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, èròjà inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọjà kan ni ó ni nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà ọṣẹ yín kò lè bo ìpara yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ yá nọ́ńbà ọ̀rẹ́ lò. Ẹni tí ó bá rú òfin lè san owó ìtanràn, ó lè ṣẹ̀wọ̀n, ìjọba sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀.

Ní ti owó tí a ń san, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì NAFDAC tí ó wà ní ìpínlẹ̀ yín fúnra yín. Ẹ sọ fún wọn pé oníṣẹ́ kékeré ni yín, nítorí ètò wà fún irú yín. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má ṣe fi owó lé alágbàtà ẹ̀bá ọ̀nà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ń rà náà, ẹ máa wo ara ike kí ẹ tó sanwó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù gba ìwé rẹ̀ yóò ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.