Ẹ̀rọ Nìkan Kò Lè Ṣọ́ Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ní Wharf Road, Àpápá

  A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni púpọ̀ nínú yín rò pé a máa sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàyè ló ń gba owó oṣù, ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí wa ni a sì fẹ́ fi ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè, àti bí wọ́n ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ wáàfù nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kọ̀ntẹ́nà yẹ̀ lórí tírélà, ó sì há ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́ ara ògiri. Egungun ìhà rẹ̀ kán. A gbé e sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí pa, ẹ̀yin náà mọ bí Wharf Road ṣe ń rí bí tírélà àti táńkà bá tò sí i. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní I.C.U. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Ọkàn wa balẹ̀. A ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ó parí.

Àṣé kò tíì parí. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àyà ọkùnrin náà ń gbéra sókè. Ẹ̀rọ kò tíì pariwo rárá. Nọ́ọ̀sì fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí sí etí, kò gbọ́ nǹkan kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti jò láti inú ẹ̀dọ̀fóró tí egungun gún, ó ti kóra jọ sínú àyà, ó sì ń fún ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn rẹ̀ pa. Dókítà tu afẹ́fẹ́ náà jáde. Ọmọ ẹgbẹ́ wa yè é.

Nígbà tí a padà lọ dúpẹ́, a béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà bí ó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, oṣù tó kọjá ni wọ́n kọ́ wa ní èyí." A ní ilé ìwé wo? Ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá. Inú fóònù náà ni ilé ìwé wà. Ó ti gba dìgírì tẹ́lẹ̀, ó wá ń kọ́ ẹ̀kọ́ gíga sí i lórí ìtọ́jú àkànṣe. Owó oṣù rẹ̀ ló fi ń san owó ilé ìwé, òun ló ń ra dátà, inú dáńfó ló ti ń kàwé. Ọsibítù tó ń bá ṣiṣẹ́ kò fún un ní wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ láti fi kàwé. Ó dùn wá púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tó gba ọmọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, òun nìkan ló ń ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà gan-an ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò lè mí fúnra wọn, ẹ̀rọ kò sì tó. Dókítà kan tí ń jẹ́ Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí i láti inú àpò rọ́bà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500 ló ṣe iṣẹ́ náà, tọ̀sán-tòru, wọ́n ń gbà á fún ara wọn ní ṣíìfù bí àwa náà ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tipa bẹ́ẹ̀ yè. Ní ọdún 1953, wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ àti ojú èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹ̀rọ tó pọ̀.

Títí di òní, ojú èèyàn náà ló ṣì ṣe pàtàkì. Ní Bìrìtéènì, ìlànà wọn ni pé nọ́ọ̀sì kan ní láti dúró ti aláìsàn kan ṣoṣo tó bá wà lórí ẹ̀rọ èémí. Wọ́n tún ní ó kéré tán, ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti di nọ́ọ̀sì. Kí ni wọ́n ń kọ́? Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ nípa èémí. Wọ́n ń kọ́ ìwọ̀n oògùn tí ẹ̀rọ ń fún sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, tí àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè pa èèyàn. Wọ́n ń kọ́ ìdí tí a fi ń gbé orí ibùsùn sókè, tí a fi ń fọ ẹnu aláìsàn, tí a sì ń yí i padà látìgbàdégbà kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa dá sí i lára.

Nílẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti rìn jìnnà. Olóyè Kofoworola Abeni Pratt ti ṣe tíṣà, ó sì ti wọlé ọkọ, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní London lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ó padà wálé ní ọdún 1954, òun ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní ọsibítù ńlá U.C.H. ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ dìgírì, òun ni àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ní ọmọ àti ṣíìfù, báwo ni yóò ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó ní Ìbàdàn? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe dá yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun tì í pa. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún kí ìjọba alágbádá tó jí i dìde. Ẹ ronú sí iye òṣìṣẹ́ tí ilẹ̀kùn náà sé mọ́ lójú. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ń gba dìgírì níbẹ̀, àwọn yunifásítì òkèèrè náà sì ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó ga ju dìgírì lọ.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé fóònù nìkan tó. Ìwé ìlànà ojú pópó nìkan kò lè sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀ tírélà, mọ́tò bọ́ì tí kò sì mọ àmì ojú ọ̀nà kò tíì di awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì. Ohun tó kà lálẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ibùsùn aláìsàn àti ọ̀gá tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí i lọ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ tí kò bá béèrè ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ owó nìkan ló béèrè, ẹ sá fún un. Kí ọmọ tàbí aya yín tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà bóyá wọ́n máa ka ìwé ẹ̀rí náà sí.

Àwọn kan nínú wa ti sọ pé, "Bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á gba ìlú òyìnbó lọ." Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń lé wọn lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni àfikún owó ṣíìfù, owó yúnífọ́ọ̀mù, àti kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i. Àwa tí a ń jà fún owó ṣíìfù tiwa, ṣé ó yẹ kí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa? Ẹni tí a kò fún ní owó tó tọ́, tí a kò sì fún ní àyè láti kọ́ṣẹ́, kí ni yóò dá a dúró?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka gbé síwájú yín. Èkíní, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ tí aya tàbí ọmọ rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì lówó fún ẹ̀kọ́ yìí, bí a ti ń yáni fún ọkọ̀ àti ilé. Èkejì, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí a béèrè pé kí nọ́ọ̀sì inú kílíníìkì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti kàwé láìsí pé wọ́n yọ owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé a wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ lọ bá ara yín sọ ọ́ ní gáréèjì, ní wáàfù, àti nílé yín ní Ajégúnlẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a máa dìbò lé e lórí. Kò sí ẹni tó mọ òru tí yóò kan òun. Ní òru ọjọ́ náà, kí ẹni tó dúró ti ibùsùn wa jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa á gbèrú o!